Pennisetum àbí Cenchrus? Ẹ gbà mí lórí gíráàsì pupa tí mo rà ní Àkúrẹ́

ỌmọÌjàpò
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti ń di ìjà nílé wa. Mo ra gíráàsì kan lọ́wọ́ àwọn onífúláwà ẹ̀bá títì níbí, ewé ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa ó tún fẹ́ dúdú, orí tó yọ gùn, ó nírun fúlẹ́fúlẹ́ tó máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn tátẹ́gùn bá ti fẹ́, ó wuyì lójú gan-an. Ẹni tó tà á fún mi ní Pennisetum ni. Mo wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì kí n lè rà kún un, ìyẹn ní òun ò ní Pennisetum, Cenchrus lòun ní, mo wò ó wò ó, ohun kan náà ni mo rí! Ápù orí fóònù mi náà tún ní Cenchrus setaceus 'Rubrum'. Bí mo ṣe gbé e délé báyìí, bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ àgíríìkì fẹ̀yìn tì kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní "eèsún lo lọ fowó rà yẹn, kó o tó mọ̀ á ti gba gbogbo ọgbà ẹ." Ìyàwó mi ní tiẹ̀ ní ejò ni mò ń kọ́lé fún. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ọ̀kan ni àbí méjì, ṣé eèsún ni lóòótọ́, ṣé kí n gbìn ín àbí kí n wá ibi tí mo máa gbé e sí?

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́
Eèsún kẹ̀! Eèsún tí èmi mọ̀ lóko wa lọ́nà Ìdànrè ga ju èèyàn lọ, ewé ẹ̀ a máa géni lọ́wọ́, ta ló máa fowó ra ìyẹn. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ju fọ́tò sílẹ̀ ká rí i. Ìyàwó yín ò kúkú parọ́ o, lórí ọ̀rọ̀ ejò yẹn.

ỌmọÌjàpò
Mo ti fi fọ́tò síbẹ̀ mà. Èyí tó wà nínú pọ́ọ̀tù dúdú yẹn ni, kò tíì ga kọjá orúnkún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n, ewéko kan náà làwọn méjèèjì ń tà, orúkọ ló di méjì. Cenchrus ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀, Linnaeus, baba àwọn tó ń sọ ewéko lórúkọ, ló kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ lọ́dún 1753. Pennisetum dé ní 1805, Richard ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú ìwé Persoon ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún bí igba ọdún ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sì ń wò ni irun tó yí hóró ká. Tí irun yẹn bá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan tó rọ̀, bíi tèyí tó wà lórí tiyín yẹn, Pennisetum. Tí irun náà bá lẹ̀ pọ̀ nídìí, tó le, tó di ẹ̀gún, irú eèmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ṣòkòtò téèyàn bá gba inú igbó kọjá, Cenchrus nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí wọn ò sí níhìn-ín tí wọn ò sí lọ́hùn-ún. Ẹ wo Cenchrus ciliaris, koríko tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù káàkiri ayé. Linnaeus fúnra ẹ̀ ló pè é ní Cenchrus, nígbà tó di 1827 Link ní rárá o, Pennisetum ciliare ni, àtìgbà yẹn kóńkálukú ń kọ èyí tó wù ú sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n wá ń yẹ DNA wò, wọ́n rí i pé irun yẹn ò tó ohun tá a lè fi pààlà. Lọ́dún 2010 Chemisquy àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Argentina, gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Annals of Botany, wọ́n kó Pennisetum àti Cenchrus àti kékeré kan tó ń jẹ́ Odontelytrum, ẹ̀yà kan ṣoṣo péré tó wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ di jẹ́nọ́sì kan, ìyẹn agbo ilé kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wà nínú ẹ̀. Òfin ìsọlórúkọ ewéko sì ní orúkọ tó bá pẹ́ jù ló máa borí. 1753 ṣáájú 1805, bí Cenchrus ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ̀yà tó wà nínú ẹ̀ báyìí lé ní ọgọ́rùn-ún.

Eèsún wà lára wọn. Pennisetum purpureum ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di Cenchrus purpureus. Jẹ́nọ́sì kan náà lòun àti tiyín, àmọ́ ẹ̀yà wọn yàtọ̀. Bàbá yẹn mọ̀wé, ó kàn dẹ́rù bà yín díẹ̀ ni.

OnífúláwàAlágbàká
Èmi ń ta fúláwà o, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Kò sí kọ́sítọ́mà tó wá bá mi rí tó ní òun fẹ́ Cenchrus. Fọ́tò ni wọ́n máa ń gbé wá lórí fóònù, "ẹ fún mi ní èyí," ó tán. Ẹ̀yin àlàkọ̀wé lẹ jókòó sínú yàrá ẹ ń yí orúkọ, àwa tá a ti kọ Pennisetum sára pátákó ńkọ́, ta ló máa bá wa tún pátákó kọ? Àti pé mi ò tiẹ̀ lóye ẹ̀. Tírun èyí bá rọ̀ tí tèyí sì gún, ojú lásán rí i pé wọ́n yàtọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kó wọn pọ̀? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí kálukú máa jẹ́ tiẹ̀ jàre.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Ẹ má bínú ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ pátákó yẹn bà mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó báyìí. Ká ní agbo ilé kan wà, bàbá kan ló bí gbogbo wọn, wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Ìran kan nínú wọn wá ń kọlà sójú, ẹ bá ní àwọn tó kọlà ni "ilé kejì," àwọn yòókù ni "ilé kìíní." Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tọpa ìran, ẹ máa rí i pé àwọn tó kọlà wọ̀nyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn kan nínú ilé kìíní ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ àwọn yẹn ju bí àwọn yẹn ṣe sún mọ́ àwọn ará ilé kìíní tó kù. Ohun tí DNA fi hàn nìyẹn: àárín Pennisetum gan-an ni Cenchrus ti hù jáde. Tẹ́ ẹ bá ní kí Cenchrus dá dúró, àfi kẹ́ ẹ fọ́ Pennisetum sí wẹ́wẹ́, orúkọ tuntun tó máa wọlé sì máa pọ̀ ju èyí lọ. Pátákó yín máa pọ̀ nìyẹn o.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ibì kan wà tí ẹjọ́ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin yẹn fàyè gba kí wọ́n dìbò láti dáàbò bo orúkọ tí ayé ti mọ̀ mọ́ nǹkan, kódà tí òmíì bá pẹ́ jù ú lọ. Ẹ rántí àwọn igi tí wọ́n ń pè ní Acacia. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 2005 fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fáwọn ti Ọsirélíà, àwọn tiwa ní Áfíríkà níbí wá di Vachellia àti Senegalia, ọ̀pọ̀ èèyàn ò dárí ji wọ́n títí dòní. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pennisetum, torí eèsún àti jéró tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ oúnjẹ èèyàn àti ẹran, ìwé àgbẹ̀ tí wọ́n ti fi orúkọ yẹn kọ kò lóǹkà. Wọn ò ṣe é. Ìwé àwọn ará Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Cenchrus ni wọ́n gbà.

ỌmọOǹdóNíKánò
Jéró?! Jéró tí wọ́n fi ń ṣe fúrá yìí? Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń sọ fún mi pé mọ̀lẹ́bí eèsún ni jéró?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni o. Òun ló tiẹ̀ jìyà orúkọ jù nínú gbogbo wọn. Pennisetum typhoides ni àwọn ìwé àtijọ́ kan ń pè é, àwọn míì ní americanum, àwọn míì ní glaucum, ní báyìí Cenchrus americanus ló wà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Áfíríkà ni, apá Sàhẹ́lì níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò bá Amẹ́ríkà tan rárá. Òfin yẹn ò sì gbà kí wọ́n tún un ṣe torí pé ó ṣini lọ́nà.

ỌmọOǹdóNíKánò
Ayé! Ó dáa, mo lè fi kún un. Níbi tí mò ń gbé yìí, àwọn Hausa ní koríko kan tí wọ́n ń pè ní karangiya, Cenchrus biflorus ni, tó o bá fi ẹsẹ̀ lásán gbà á kọjá o máa jẹ̀rora, ẹ̀gún ẹ̀ a wọ ìbọ̀sẹ̀ a wọ ṣòkòtò, o máa jókòó máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíì tún wà tí wọ́n ń pè ní kyasuwa, ìyẹn rọ̀, ó nírun dáadáa, wọ́n máa ń gé e fẹ́ran jẹ. Ìyẹn ni Pennisetum pedicellatum. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní Cenchrus àti Pennisetum, karangiya àti kyasuwa ni tísà fi ṣàpẹẹrẹ, ó sì yé gbogbo kíláàsì. Ẹ wá sọ pé ọ̀kan náà ni. Mo gbà fún DNA o, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò gbà.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́
😂😂 Ẹsẹ̀ ẹ ò gbà!

Ẹlẹ́ranỌ̀wọ̀
Ẹ̀yin ń ṣe yẹ̀yẹ́ eèsún, àwa ló ń bọ́ wa. Mò ń sin màlúù àti ewúrẹ́ ní apá Ọ̀wọ̀ níbí. Kì í ṣe inú igbó la ti ń lọ gé eèsún mọ́, a máa ń gbìn ín ni, igi ẹ̀ la ń gé bí ẹni gé pákí tá a ń tì í bọlẹ̀. Èyí tó gbòde báyìí ni Pakchong tí wọ́n mú wá láti Thailand, wọ́n ní wọ́n fi eèsún àti jéró bí i pọ̀ ni. Mo máa ń rò pé irọ́ àwọn tó ń tà á ni, ìgbà tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lókè yìí ló wá jọ òótọ́. Àbúrò, ṣé ó ṣeé ṣe kí eèsún àti jéró gbà fúnra wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Ó ṣeé ṣe dáadáa sà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Krómósóòmù, ìyẹn okùn àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ti jéró jẹ́ 14, ti eèsún jẹ́ 28. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí pọ̀ máa ń ní 21, 21 ò sì ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí irú wọn kì í fi so hóró tó lè hù, tó jẹ́ igi ẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ gé kẹ́ ẹ fi gbìn ín. Fún olóko ìyẹn dáa, kò ní fò lọ sóko ẹlòmíì. Kẹ́ ẹ sì tún mọ̀, ní Kẹ́ńyà wọ́n máa ń gbin eèsún yí oko àgbàdo ká, kòkòrò tó ń wọ inú igi àgbàdo a lọ yé ẹyin síbẹ̀ dípò àgbàdo, ọmọ ẹ̀ a sì kú sínú eèsún torí kì í lè dàgbà níbẹ̀ dáadáa.

Bọ̀dáHouston
Mo ti ń kà yín látàárọ̀. Ọmọ Oǹdó ni mí, Texas ni mo ń gbé. Gíráàsì tẹ́ ẹ ń sọ yìí pọ̀ níbí lójú ọ̀nà, níwájú ṣọ́ọ̀bù, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó wà lókè níbi tí yìnyín ti ń bọ́ máa ń gbìn ín lọ́dọọdún ni torí òtútù máa pa á, àmọ́ ní Àkúrẹ́ kò séwu, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò. Jéró tí wọ́n ń sọ yẹn náà, wọ́n ti sọ ọ́ di fúláwà níbí, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ 'Purple Majesty', ewé ẹ̀ dúdú bí aró, yunifásítì Nebraska ló mú un jáde, ó sì gba wúrà níbi ìdíje All-America Selections ti 2003. Ọdún kan péré nìyẹn máa ń lò ṣá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni èyí. Setaceum tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí kì í ṣe pupa, ẹ má gbìn ín o. Ní Hawaii, torí ẹwà ni wọ́n ṣe mú un wọlé, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó hù bo orí àpáta òkè ayọnáyèéfín tí nǹkan kan kì í fi bẹ́ẹ̀ hù sí tẹ́lẹ̀, ó wá di pé ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé iná ń gba orí ẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíì. Lọ́dún 2017 àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi í sínú ìwé àwọn ewéko tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà tàbí gbìn. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Pennisetum setaceum.

ỌmọÌjàpò
Hà! Setaceum ni ápù mi sọ pé tèmi jẹ́ o!!

Bọ̀dáHouston
Fara balẹ̀ àbúrò. 'Rubrum' ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, àbí? Tẹ́lẹ̀ gbogbo ayé ń pè é ní Pennisetum setaceum 'Rubrum', àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ti yà á sọ́tọ̀, Pennisetum × advena ni, Cenchrus × advena lóde òní. Àmì × yẹn fi hàn pé àmúlùmálà ni. Òun kì í sábà so hóró tó lè hù. Ibi tó ti ṣe mí ní kàyéfì nìyẹn: ẹ̀ ń jà lórí Pennisetum àti Cenchrus tí ò yí nǹkan kan padà nínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ orúkọ kejì, setaceum àbí advena, òun ló máa sọ bóyá gíráàsì yẹn máa jókòó síbi tẹ́ ẹ gbìn ín sí àbí ó máa fo fẹ́ǹsì.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán. Kí n kàn fi kún un pé setaceum tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn, krómósóòmù 27 ló ní, kò sì nílò kí òdòdó ẹ̀ gba lẹ́búlẹ́bú láti ara òmíì kó tó so hóró, òun nìkan lè dá bí ara ẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹyọ kan tó bá dé ibì kan ti tó. Nílé níbí gan-an, ẹ wo etí títì láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko tí orí ẹ̀ rí fúlẹ́fúlẹ́ tó pupa rúsúrúsú lábẹ́ oòrùn yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ Pennisetum polystachion. Tiwa ni, ó mọ̀wà ara ẹ̀ níbí, àmọ́ àríwá Ọsirélíà ni kẹ́ ẹ lọ béèrè ohun tó ń fojú wọn rí.

OnífúláwàAlágbàká
Ẹ̀yin èèyàn yìí fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o 😅. Kẹ́ ẹ mọ̀, èyí tí mò ń tà, mi ò fi hóró gbìn ín rí, ìdí ẹ̀ ni mo máa ń tú tí mo máa ń pín in, torí hóró ẹ̀ kì í hù. Torí náà pupa gidi ni. Ẹ lè fi dán ẹni tó bá ń tà á fún yín wò: ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń gbìn ín. Tó bá ní hóró lòun fi hù ú, ẹ fẹsẹ̀ fẹ.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ ti gbàgbé ejò. Mo ní ẹ ti gbàgbé ejò.

OnífúláwàAlágbàká
Àǹtí, ejò kì í wá torí gíráàsì, ibi tó ṣú dùdù téèyàn kì í dé àti ibi tí eku wà ló ń wá. Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé kẹ́ ẹ pa á tì. Iwájú ilé tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́ ló fẹ́, tẹ́ ẹ bá gbìn ín sábẹ́ máńgòrò ewé ẹ̀ ò ní pupa mọ́, á di aláwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn kẹ́ ẹ lè máa gbálẹ̀ ìdí wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ni pé nígbà tí ọyẹ́ bá ń parí lọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ gé gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ku díẹ̀ lókè ilẹ̀, kẹ́ ẹ kó ewé gbígbẹ ẹ̀ dànù torí ó máa ń gbaná kíákíá tí ẹnì kan bá lọ dáná sun pàǹtírí nítòsí. Tójò bá dé, tuntun á yọ, ó máa pupa fòò. Tí ìdí ẹ̀ bá ti pọ̀ jù tí àárín ẹ̀ ń kú, ẹ hú u, ẹ fi àdá là á, ẹ tún un gbìn. Kẹ́ ẹ sì so ewúrẹ́ àdúgbò yín mọ́lẹ̀, torí ewúrẹ́ ò mọ fúláwà.

Ẹlẹ́ranỌ̀wọ̀
Ewúrẹ́ mọ mọ̀lẹ́bí eèsún dáadáa, ẹ má tàn án.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gba ọ̀nà yìí béèrè tèmi. Orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo kọ́lé sí, ọ̀gbàrá ti ń jẹ ìdí fẹ́ǹsì. Ṣé gíráàsì pupa yìí lè dì í mú?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Rárá o, ẹ má gbára lé e fún ìyẹn. Vetiver, gíráàsì míì, lẹ fẹ́. Ẹ gbìn ín ní ìlà kan gba ìbú ilẹ̀ yẹn kọjá, ẹ má gbìn ín láti òkè wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Gbòǹgbò ẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà mẹ́ta, tààrà sísàlẹ̀ ló sì máa ń lọ, kì í nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ń gbìn fún iṣẹ́ yìí kì í so hóró tó ń hù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan á kọ Vetiveria zizanioides, àwọn míì á kọ Chrysopogon zizanioides...

OnífúláwàAlágbàká
Ẹ Ẹ Ẹ Ẹ! Ẹ tún ti yí ìyẹn náà?!

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko
Látọdún 1960 ni o ọ̀gá, ẹ má pariwo lé mi lórí, wọn ò tíì bí mi.

ỌmọÌjàpò
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà lọ bá ẹni tó ta èyí tí mo rà, mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀gá onífúláwà ní kí n bi, ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó fi ìdí tó ń pín hàn mí. Mo ti lọ bá bàbá àgíríìkì náà, mo sọ fún un pé ó jàre lápá kan, inú ẹ̀ dùn gan-an, ó wá jókòó ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé eèsún fún mi títí iná fi dé. Iwájú ilé níbi oòrùn ni mo máa gbìn ín sí lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tá a tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí, kò ní sún mọ́ fèrèsé. Ìyàwó mi ti gbà, ó ní kí n ṣáà máa gé e.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́
Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ pín ìdí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ rántí mi o bọ̀ọ̀dá, ẹyọ méjì péré, màá wá gbà á fúnra mi, Òkè-Àró ni mo wà. Èmi náà ní iwájú ilé.